Ìtàn Eré Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Bí Àwọn Asáré Máratọ́ọ̀nù Ṣe Kọ́ Láti Má Yára

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra fún eré máratọ́ọ̀nù lẹ́nu: a ó sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ sá kìlómítà 42.195 já láìṣubú lójú ọ̀nà, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú eré tí yóò máa sá láràárọ̀ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, eré tí kò ní mú un mí hẹlẹhẹlẹ, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò lè máa tàkúrọ̀sọ lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Géńdé tí ó bá gbọ́ èyí a máa kùn, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá sáré títí òógùn fi bo ojú rẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Kò jẹ̀bi. Ó pẹ́ kí àwọn tí ó fi eré ṣe iṣẹ́ pàápàá tó gbà á gbọ́. Ìmọ̀ yìí ní àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá a rí, ó ní ìgbà tí a gbà á, ó ní ìgbà tí a kọ̀ ọ́, ó sì ní ìgbà tí a tún padà lọ ṣà á níbi tí a jù ú sí. Àwọn tí ó sì kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì rárá. Òǹtẹ̀wé kan ni, àti àgbẹ̀ kan, àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà kan.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré náà nínú ìdíje Òlímpíkì ní ìlú Áténì ní ọdún 1896, tí Spyridon Louis, ọmọ Gíríìkì tí í pọn omi tà, gba ipò kìn-ín-ní, ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 40 lọ. Ní London ní 1908 ni wọ́n nà án láti ààfin Windsor dé iwájú ibi ìjókòó ọba nínú pápá ìṣeré, tí ó fi di 42.195, iye yìí náà ni àwọn aláṣẹ eré ìje sì fọwọ́ sí ní 1921. Ní ayé ìgbà náà, eré gígùn ń ba àwọn dókítà pàápàá lẹ́rù. Wọ́n gbà pé eré àsápọ̀jù a máa wú ọkàn, àti pé ọkàn tí ó bá wú bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹni tí ó ni ín pẹ́ láyé. Nítorí náà ìrìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń múra: wọn a rin ọ̀nà jíjìn, wọn a sáré díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó parí.

Òǹtẹ̀wé tí mo wí, Clarence DeMar ni, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú máratọ́ọ̀nù Boston ní 1911. Àwọn dókítà ti gbé etí lé e láyà, wọ́n gbọ́ ohùn kan tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kí ó yé sáré. Ó dẹwọ́ fún ọdún mélòó kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó padà sẹ́nu rẹ̀, ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó ń sáré bọ̀ nílé, láìsí ariwo, títí ó fi gba ipò kìn-ín-ní ní Boston nígbà méje lápapọ̀, èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ ní 1930. Nígbà tí ó kú ní ẹni 70 ọdún ní 1958, àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á. Àwọn dókítà tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò kọ ìròyìn wọn jáde ní 1961: àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Àyà tí wọ́n ní yóò pa á ni ó gbé e dé ọjọ́ ogbó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di ẹ̀kọ́ tí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni Arthur Newton, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń dáko ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ìjọba ni Newton ń lé. Wọ́n ti ya ilẹ̀ tí ó yí oko rẹ̀ ká sọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú, ó ní oko òun ti bàjẹ́, ó béèrè owó gbà-má-bínú, wọn kò sì dá a lóhùn. (Bí a bá wo ẹjọ́ náà lónìí, àwọn tí ó ni ilẹ̀ gan-an kọ́ ni ẹnikẹ́ni bi léèrè, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìtàn tí a jókòó sọ.) Newton wá rò ó pé bí òun bá di olókìkí nínú eré ìje, aráyé yóò gbọ́ ẹjọ́ òun. Ní ọdún 1921, ológun àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Vic Clapham ti dá eré Comrades sílẹ̀ ní ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ogun pa, nǹkan bí kìlómítà 89 láàárín Pietermaritzburg àti Durban, ní ọ̀nà tí ó kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Eré yìí ni Newton gbójú lé.

Ẹni ọdún 38 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1922, ara rẹ̀ kò sì gbà á fún un. Máìlì mélòó kan péré ni ó sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ó ń tiro fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́ ì bá ti payín keke, kí ó sì tún sáré mìíràn tí ó le jù bẹ́ẹ̀. Newton, nítorí pé àgbà ti ń dé sí i, jókòó, ó rò ó, ó sì rí i pé jíjìnnà ọ̀nà kọ́ ni ó ń ṣe òun bẹ́ẹ̀, yíyára ni. Ó dẹ eré sílẹ̀, ó sì fa ọ̀nà gùn. Líle ẹsẹ̀ náà lọ, kò sì padà wá. Kí oṣù márùn-ún tó pé, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ó borí gbogbo àwọn tí ó wá sá Comrades pẹ̀lú wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 40. Ó tún borí ní 1923, 1924, 1925 àti 1927. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1935 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ń tẹnu mọ́: má ṣe bá ẹnikẹ́ni díje lọ́jọ́ ìgbaradì, má ṣe bá aago díje pẹ̀lú, jẹ́ kí ọ̀nà kọ́kọ́ gùn ná, ìyára yóò wá fúnra rẹ̀. Nígbà ogbó rẹ̀, ilé rẹ̀ ní Ruislip lẹ́bàá London di ibi tí àwọn asáré ń wọ́ lọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò tàn kálẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ọ̀nà mìíràn ti gòde ní Yúróòpù.

Ọ̀nà náà ni ti Woldemar Gerschler, olùkọ́ eré ní Freiburg ní Jámánì, àti dókítà ọkàn Herbert Reindell: kí asáré sá ọ̀nà kúkúrú kíkankíkan, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún sá a, lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Rudolf Harbig, ọmọ ẹ̀yìn Gerschler, sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 46.6 ní Milan ní 1939, ẹnu sì ya gbogbo ayé. Lẹ́yìn ogun ni Emil Zátopek dé, ọmọ Czechoslovakia, a-sáré-bí-ẹni-ọfà-bà, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń rí lójú eré bíi pé ìrora fẹ́ pa á nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń pa àwọn tí ó kù. Nínú ìdíje Òlímpíkì ní Helsinki ní 1952 ó gba góòlù mítà 5000, ó gba ti mítà 10,000, ó sì tún gba ti máratọ́ọ̀nù tí kò sá rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ta ni yóò tún máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú irú iṣẹ́ báyìí? Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá mítà 400 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nígbà ogún. Ohun tí wọn kò kíyè sí ni pé láàárín mítà 400 kan sí òmíràn Zátopek kì í jókòó, ó ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, àti pé bí a bá ro gbogbo ọ̀nà tí ó ń rìn lójúmọ́ pọ̀, ó gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n rí iná, wọn kò rí igi.

Dókítà kan ní Waldniel, ní Jámánì kan náà, kò bá ayé sáré. Ernst van Aaken ní tirẹ̀ sọ pé kí ọkàn asáré má lù ju nǹkan bí ìgbà 130 lọ ní ìṣẹ́jú kan lójú eré ìgbaradì, bí àwọn ọmọdé ṣe ń sáré kiri lójú agbo, tí wọ́n ń dúró nígbà tí ó bá wù wọ́n. Ó ní àwọn obìnrin yẹ fún eré gígùn ju bí àwọn ọkùnrin ti rò lọ, ó sì ṣe ètò máratọ́ọ̀nù obìnrin nìkan ní Waldniel ní 1973, ọdún kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọlù ú tí ó fi pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ẹni tí yẹ̀yẹ́ kò lè ràn ni Arthur Lydiard, ọmọ Auckland ní New Zealand, tí a bí ní 1917, tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà. Ó rò pé ara òun le nítorí pé ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì, títí di ọjọ́ kan, ní àsìkò tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí mú un sáré máìlì 5. Àyà rẹ̀ ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì bi ara rẹ̀ pé bí òun bá rí báyìí ní ẹni 27 ọdún, báwo ni òun yóò ti rí ní ẹni 47? Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kan a sá máìlì 50, ọ̀sẹ̀ mìíràn a sá a dé 250, a yára lónìí, a rọra lọ́la, a sì máa wo bí ara rẹ̀ ti gbà á. Nígbà kan iṣẹ́ pínpín mílíìkì lóru ni ó fi ń jẹun kí ààyè eré lè wà fún un. Ibi tí ó fẹsẹ̀ tì sí nígbẹ̀yìn ni máìlì 100 lọ́sẹ̀, ìyẹn kìlómítà 160, ní ìwọ̀n tí ara lè gbà lójoojúmọ́ láìdàkú. Ó gba ipò kìn-ín-ní nínú máratọ́ọ̀nù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1953 àti 1955, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Kò sí ẹni tí ó fi ìwé pe àwọn ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbé jìnnà sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan wọn a jọ jáde fún ọ̀nà Waiatarua, ọ̀nà máìlì 22 tí ó gba àárín òkè Waitakere kọjá, tí a ń gùn tí a ń sọ̀, tí igbó wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹni tí ń sá mítà 800 wà níbẹ̀, ẹni tí ń sá máratọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, eré kan náà ni gbogbo wọn ń sá. Òfin Lydiard ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbaradì fọ́ ara rẹ̀: ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ ti yára jù. Àwọn olùkọ́ ìgbà náà ní orí rẹ̀ kò pé, nítorí wọn kò rí ohun tí máìlì 22 lórí òkè jẹ mọ́ ọmọ tí eré rẹ̀ kò ju ìyípo pápá méjì lọ.

Ìdáhùn wọn dé nínú ìdíje Òlímpíkì ní Róòmù, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1960. Peter Snell, ọmọ ọdún 21 tí kò sí nínú àwọn tí ẹnikẹ́ni kà sí, wọ eré mítà 800 pẹ̀lú Roger Moens ará Belgium, ẹni tí kò sí ẹni tí ó yára tó o rí láyé títí di ọjọ́ náà. Moens ti wà níwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn lápá ọ̀tún láti mọ ẹni tí ń bọ̀. Apá òsì ni Snell gbà, ó sì kọjá. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Murray Halberg, ọkùnrin tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ láti ìgbà tí ó farapa nínú rọ́gíbì, wọ mítà 5000. Nígbà tí ìyípo mẹ́ta ṣẹ́ kù ni ó já kúrò láàárín wọn; ó sá, ó sá, gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kò bá a. Ó já okùn ìparí, ó sì ṣubú sórí koríko pẹ̀lú okùn náà lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nínú máratọ́ọ̀nù tí Abebe Bikila ará Ethiopia, ẹlẹ́sẹ̀ òfìfo tí í tẹ òkúta Róòmù mọ́lẹ̀ bí ọba, fi gba góòlù, Barry Magee tí òun náà jẹ́ ọmọ ọ̀nà Waiatarua ṣe ipò kẹta.

Níbí ni ó yẹ kí n ti tún ohun kan ṣe, nítorí àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa fò ó. Eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti Lydiard kì í ṣe eré ìrìnkurìn. Nígbà tí ara àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti mókun, wọn a sá Waiatarua ní wákàtí méjì àtààbọ̀ tàbí kí ó dín, òkè àti ilẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò lè sá lórí ilẹ̀ títẹ́jú lọ́jọ́ ìdíje. Ó rọrùn fún wọn nítorí pé ara wọn ti dàgbà dé ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ti ọ̀nà gígùn, ó máa ń kó wọn lọ sórí òkè láti fò ó sókè, lẹ́yìn náà ni yóò tó fún wọn ní eré kíkankíkan, èyí tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Àwọn tí ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù rò pé kí a máa rọra títí ayé ni ó wí.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Ní 1962, ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Auckland lábẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí ń fẹ́ ìlera, Bill Bowerman, olùkọ́ eré ní yunifásítì Oregon, sì bá wọn jáde nígbà tí ó lọ kí Lydiard. Bowerman kò tíì ju ẹni ọdún 51 lọ, ó sì gbà pé ara òun dá. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi í sílẹ̀ lórí òkè, bàbá kan tí ó lé ní 70 ọdún, tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, ni ó dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí ó dúró tì í, tí ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìtìjú náà so èso: Bowerman gbé eré wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí Oregon, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1967. Ní 1969 Joe Henderson kọ tirẹ̀ nípa eré gígùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lára àwọn tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ sì ni Amby Burfoot, tí ó ti gba máratọ́ọ̀nù Boston ní ọdún tí ó ṣáájú. Àwọn alátakò kò ṣàì wà: wọ́n ní ẹni tí ó bá ń rọra sá ọ̀nà gígùn yóò di ẹni tí ń rọra sá ọ̀nà gígùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, mo sì gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, fún ẹni tí kò bá ṣe òmíràn mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó dé. Ní 1967, John Holloszy ní St. Louis fi hàn pé iṣan ẹsẹ̀ eku tí a mú sáré fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ a máa ní mitochondria púpọ̀ sí i, àwọn nǹkan kéékèèké inú iṣan tí ń fi oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ dá agbára. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó túbọ̀ ń yé àwọn ènìyàn pé eré tí kò le a máa fi òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kún iṣan, a máa mú kí ọkàn lè tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, a sì máa kọ́ ara láti jó ọ̀rá, èyí tí ó pọ̀ lára ẹni tí ó rù jù pàápàá, kí ó lè tọ́jú ṣúgà inú iṣan tí kò tó sá máratọ́ọ̀nù já. Snell fúnra rẹ̀ padà lọ sílé ìwé, ó gba oyè dókítà ní Amẹ́ríkà ní 1982, ó sì di olùwádìí ní Dallas. Àlàyé tí ó ṣe nípa Waiatarua ni pé bí eré bá gùn tó, àwọn fọ́nrán iṣan tí kò yára a rẹ̀, ara a sì pe àwọn tí ó yára wá sí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni eré pẹ̀lẹ́ ṣe ń kọ́ àwọn tí a rò pé kò kàn. Ní 1982 kan náà ni ilé iṣẹ́ Polar lẹ́bàá Oulu, ní Finland, gbé aago tí ń ka lílù ọkàn láìní okùn jáde, tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀ bóyá òun ń rọra tàbí òun ń tan ara òun. Nígbà tí ó yá, Stephen Seiler, ará Amẹ́ríkà tí ń kọ́ni ní Norway, wo àkọsílẹ̀ àwọn atukọ̀-ojú-omi, àwọn tí ń yọ̀ lórí yìnyín àti àwọn asáré tí ó ga jù láyé, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Báwo wá ni kí ó rọra tó? Eliud Kipchoge sá máratọ́ọ̀nù Berlin ní 2022 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 9, ìyẹn ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 52 fún kìlómítà kan. Lórí ọ̀nà amọ̀ pupa Kaptagat ní Kenya, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sá eré ìrọ̀rùn wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 fún kìlómítà kan, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a sì tún rọra jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni tí ó bá ń wò wọ́n yóò fi rò pé àlejò ni wọ́n nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ń fi wákàtí mẹ́rin sá máratọ́ọ̀nù ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 41. Bí a bá fi ìwọ̀n ti Kipchoge wọ̀n ọ́n fún un, eré ìrọ̀rùn rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 8. Èmi kò ní kí ó lọ sá 8, nítorí níbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rìn. Láàárín 6 àti ìdajì sí 7 ni ọ̀pọ̀ irú wọn ti máa ń rí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sá 5 àti ìdajì láràárọ̀ tí ó sì ń sọ pé òun ń rọra, ìdíje ni ó ń sá lójoojúmọ́, kò sì ní rí agbára fi sá a lọ́jọ́ tí ó yẹ.

Láti 2016 ni a ti ń sá máratọ́ọ̀nù ní ìlú Èkó, láti Surulere gba orí afárá Third Mainland, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń múra fún un. Ooru wa a máa mú ọkàn lù kíákíá ju bí eré náà ti rí lọ, nítorí náà ìwọ̀n tí a kọ sínú ìwé Yúróòpù yára jù fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ mú ẹnì kan tí ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ dání. Nígbà tí ẹ kò bá lè parí gbólóhùn kan kí ẹ tó mí, ẹ dẹwọ́, bí òkè bá sì dé, ẹ rìn.